Màmá, mo ti wá mọ Chicago báyìí

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò mi. Ṣé orúnkún yẹn ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Àbúrò mi, ìwọ tó o máa kà á fún wọn, jọ̀ọ́ rọra kà á o, má fo ibì kankan, tí wọ́n bá ní kó o tún ibì kan kà, tún un kà.

Màmá, ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ bi mí lórí fóònù pé ìlú tó o wà yẹn, báwo ló ṣe rí gan-an? Mo ní ó tóbi, ó tutù, ilé gíga pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní "hẹn ẹn." Ẹ ò sọ nǹkan míì. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ò tẹ́ yín lọ́rùn, kò tẹ́ èmi náà lọ́rùn, torí ọdún mẹ́fà ni mo ti lò níbí, tí n bá sì máa sọ òótọ́, ohun tí mo mọ̀ nínú Chicago ò ju ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ. Alẹ́ ni mò ń wọ reluwé lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ ni mò ń padà, oorun á ti kún ojú mi, mi ò kí ń wo ìta, mo kàn máa ń ka ibùdókọ̀ títí á fi kan tèmi. Ọdún mẹ́fà o, Màmá.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn wà níbí tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi mọ́tò ara wọn gbé èèyàn kiri àdúgbò, kí wọ́n máa ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n ń kó àlejò ogójì sí tí kì í kúrò láàárín ìgboro o, èyí tí mo gbà, èmi nìkan ni wọ́n gbé, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Bàbá tó gbé mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, adúláwọ̀ ni, Chicago ni wọ́n bí i sí. Mo fẹ́ jókòó sẹ́yìn, ó ní rárá, iwájú ni kí n bọ́ sí, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ilé nìkan ló máa rí. Mo ń pè é ní bàbá, torí mi ò lè pe irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ, inú ẹ̀ dùn sí i gan-an.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni òǹkà. Ó gbé mi lọ sí ibi tí State Street àti Madison Street ti pàdé, ó ní ibí ni òdo, ibí ni wọ́n ti ń ka gbogbo ilé tó wà nínú ìlú yìí, sí àríwá, sí gúúsù, sí ìwọ̀ oòrùn, sí ìlà oòrùn. Lọ́pọ̀ ibi, tí nọ́ńbà bá ti fi 800 pọ̀ sí i, ẹ ti rin máìlì kan. Màmá, mo ti ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì mi sórí ìwé láti ọdún mẹ́fà yìí wá, mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ń sọ bí mo ṣe jìnnà sí àárín ìlú tó! Àdúgbò 77 ni ìjọba kà sínú ìlú yìí, bàbá ní òun ò lè gbé mi dé gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé òun á gbé mi gba ibi tí àwọn tó ti ibòmíì wá gbà wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó wá láti ibòmíì tó sì fìdí kalẹ̀ síbí, adúláwọ̀ ni. Jean Baptiste Point du Sable lorúkọ ẹ̀, láàárín ọdún 1780 sí 1790 ló ti ní ilé àti oko lẹ́nu odò Chicago, ọmọ ìbílẹ̀ Potawatomi nìyàwó ẹ̀, Kitihawa. Lọ́dún 1800 ó ta gbogbo ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ère orí ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Michigan Avenue, mo ti kọjá níbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀melòó kan, mo rò pé olóyìnbó kan ni. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ ẹ̀ kún orúkọ títì ńlá tó gba etí adágún Michigan kọjá.

Láti ibẹ̀ a gba ọ̀nà South Side, apá gúúsù ìlú. Mo ní láti sọ èyí fún yín, Màmá, torí láti ìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti ń sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé má dé South Side o, má dé South Side, èmi náà gbà á gbọ́, mi ò bi ẹnikẹ́ni ìdí. Bàbá ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó fi ilé tí wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé ẹ̀ hàn mí, ó fi ilẹ̀ tó ṣófo hàn mí, ó dẹ̀ tún fi ilé olókùúta tó rẹwà ju ohun tí mo ti rí rí lọ hàn mí ní títì kan náà. Ó kìlọ̀ pé kí n má na fóònù síta máa ya fọ́tò àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, pé tí mo bá fẹ́ wò wọ́n kí n kí wọn. Mo kí wọn. Gbogbo wọn ló dáhùn, ìyá àgbà kan tiẹ̀ béèrè pé níbo ni mo ti rí aṣọ tí mo wọ̀, àǹkárá búlúù tẹ́ ẹ rán sí mi yẹn.

Ère kan wà ní King Drive, níbi títì kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Ọdún 1996 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, Alison Saar ló ṣe é, ó jẹ́ ìrántí àwọn adúláwọ̀ tó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà wá sí àríwá, láti nǹkan bí ọdún 1916 títí dé 1970. Ọkùnrin kan ni, ide ni wọ́n fi rọ ọ́, ó kọjú sí àríwá, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ kejì gbá àpótí mú, okùn ni wọ́n fi so àpótí náà. Mo wá sún mọ́ ọn, mo rí i pé kóòtù tó wọ̀ kì í ṣe aṣọ, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni, bàtà tó ti jẹ tán, láti ọrùn dé ẹsẹ̀, orí òkìtì àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà ló dúró lé. Màmá, okùn yẹn. Ẹ rántí bí síìpù báàgì mi ṣe já ní alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la kí n rìnrìn àjò, tẹ́ ẹ lọ tú okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé, tẹ́ ẹ so ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tẹ́ ẹ fi eyín fa kókó ẹ̀ le? Okùn yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró níwájú ère yẹn mo sunkún, bàbá ò sọ̀rọ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó jẹ́ kí n ṣe é tán.

Nígbà tí mo padà sínú ọkọ̀ ló wá sọ fún mi pé Mississippi ni màmá àgbà òun ti wá, reluwé Illinois Central ni wọ́n wọ̀, pé ìwé ìròyìn Chicago Defender tí Robert Abbott dá sílẹ̀ lọ́dún 1905 ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ wà níbí. Àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ́tà nínú reluwé, tí wọ́n ń gbé ẹrù èrò tí wọ́n sì ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn, ló ń kó ìwé ìròyìn yẹn lọ sí gúúsù, torí níbòmíì àwọn òyìnbó ibẹ̀ ò fẹ́ káwọn adúláwọ̀ kà á, ẹnì kan á kà á fáwọn tí ò mọ̀wé kà (àbúrò mi, bó o ṣe ń ṣe yìí gan-an). Lọ́dún 1910 adúláwọ̀ tó wà ní Chicago jẹ́ nǹkan bí 44,000, nígbà tó fi máa di 1930 wọ́n ti lé ní 230,000.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ro ó wò, gbogbo èrò yẹn, apá ibì kan péré ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Bronzeville. Àwọn onílé níbòmíì á kọ̀wé àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn ò ní ta ilé fún adúláwọ̀, àwọn ò ní fi háyà fún un, ọdún 1948 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó sọ pé ilé ẹjọ́ kankan ò gbọdọ̀ fi agbára mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Àwọn onílé wá ń gé fúláàtì kan sí yàrá kéékèèké, ìdílé kan nínú yàrá kan, balùwẹ̀ kan fún gbogbo wọn. Inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí bàbá sí. Ó ní àwọn tó gbé níbẹ̀ mọ ara wọn dáadáa, ẹni tí ò bá rí oúnjẹ, ẹlòmíì á gbé tiẹ̀ wá. Ìrìn díẹ̀ síbẹ̀ nilé Ida B. Wells wà, obìnrin tó fi kálàmù gbógun ti àwọn tó ń so adúláwọ̀ kọ́ igi láìsí ẹjọ́. Ilé olókùúta ni, ó ṣì dúró dáadáa.

Ní State Street, a kọjá níbi tí àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fáwọn tówó wọn ò tó, tí wọ́n ń pè ní Robert Taylor Homes, wà tẹ́lẹ̀. Ilé 28, alájà 16 ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó tó máìlì méjì, ọdún 1962 ni wọ́n parí ẹ̀, nígbà tó fi máa di 2007 wọ́n ti wó gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ̀gbọ́n bàbá gbé ibẹ̀. Koríko ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ó nawọ́ sí ojú ọ̀run tó ṣófo, ó ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi wà lókè yẹn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Itòsí ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì Roberts Temple. Èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Emmett Till, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó lọ kí ẹbí ní Mississippi lọ́dún 1955, àwọn òyìnbó pa á nípakúpa. Màmá ẹ̀, Mamie, ní kí wọ́n ṣí pósí sílẹ̀, kí gbogbo ayé wo ohun tí wọ́n fi ọmọ òun ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò kọjá nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Bàbá pa rédíò, a jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

A lọ jìnnà gan-an sí gúúsù, a dé Pullman, ìlú kékeré tí ọ̀gbẹ́ni George Pullman kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó ń ṣe ọkọ̀ reluwé tí èèyàn ń sùn nínú ẹ̀. Ilé bíríkì pupa tó tò lọ bẹẹrẹbẹ. Lọ́dún 1894 ó gé owó oṣù wọn, kò dín owó ilé tó ń gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ̀ ọ́n. Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára ni tàwọn pọ́tà inú ọkọ̀ ẹ̀. Bàbá àgbà bàbá wà lára wọn. Èrò inú ọkọ̀ kì í béèrè orúkọ wọn, "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, bíi pé ọ̀gbẹ́ni Pullman ló ni wọ́n. Ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ A. Philip Randolph, ọdún méjìlá gbáko kí iléeṣẹ́ tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé, 1937. Bàbá wá bi mí léèrè orúkọ mi, odindi ẹ̀, mo sọ ọ́, ó pè é, kò pè é dáadáa, ó ní kí n tún un pè, bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ó fi gbà á. Màmá, níbi iṣẹ́ wọ́n ti gé orúkọ tẹ́ ẹ sọ mí kù sí ìró kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, èmi náà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa pè é tán. Wọ́n ti ń gbìyànjú.

Chinatown, a kàn gba abẹ́ géètì ẹ̀ kọjá ni. Pilsen ni a tún ti dúró díẹ̀. Àwọn tó ti Czech wá ló sọ ọ́ lórúkọ ìlú wọn, àwọn ará Mẹ́síkò ló wá pọ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn náà, àwòrán ńláńlá kún ara ògiri ojú irin ní títì kẹrìndínlógún, àwọ̀ oríṣiríṣi. Ibẹ̀ ni bàbá ti ṣàlàyé ilé kan fún mi tí mi ò lè gbàgbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré oníbíríkì, ìdílé kan nísàlẹ̀, ìdílé kan lókè, ọ̀pọ̀ àdúgbò lẹ ti máa rí i. Ó ní àwọn tó bá wá láti ilẹ̀ òkèèrè á rà á, wọ́n á gbé ìsàlẹ̀, wọ́n á fi òkè háyà, owó háyà lá máa bá wọn san gbèsè ilé. Mo ń ṣírò ẹ̀ lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn, ẹ bá mi fi sádùúrà.

Nígbà tó kù bí ogójì ìṣẹ́jú, bàbá béèrè pé níbo ni mo fẹ́ ká parí sí. Mo ní àdúgbò mi, Uptown. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ó ti pẹ́ tóun dé ibẹ̀ kẹ́yìn, kí n máa sọ fún òun. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀, mo ní ẹ yà síbí, Argyle Street nìyí, àwọn ará Vietnam ló ń tajà níbí, obìnrin yẹn tó ń gbálẹ̀, ó máa ń ṣílẹ̀kùn kó tó mọ́ dáadáa, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rí tí n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ wo ilé yẹn, ará Ethiopia ni wọ́n, ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Nígbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ ní January, bàbá arúgbó tó wà ní ilé kẹta yẹn ló fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà fún mi kí n lè débi reluwé. Fèrèsé tèmi nìyẹn, èyí tó ní kọ́tìnnì yẹ́lò. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ wà nínú mi. Bàbá rọra ń wakọ̀, ó ń gbọ́, ó ń béèrè, mo ń dáhùn.

Fọ́tò ère yẹn ti wà lórí WhatsApp àbúrò mi, kó fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ lè rí okùn náà dáadáa. Mo ti bá bàbá sọ ọ́ pé tí ìwé àṣẹ yín bá jáde, òun lá gbé wa, ẹ̀yin lẹ máa jókòó níwájú. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ọmọ yín