Lẹ́tà sí Àkànní nípa ilé erùpẹ̀ kan létí odò Guadiana

Lisbon, Pọ́túgà

Àkànní mi,

Ṣé ara Bàbá ti le sí i? Bá mi kí wọn, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, nítorí àwọn gan-an ni mo fẹ́ bi ní nǹkan.

Ilé kan ló gbà mí lọ́kàn. Mértola ló wà, ìlú kékeré orí òkè kan létí odò Guadiana, ní gúúsù Pọ́túgà. Wọ́n fẹ́ tà á, mo sì lọ wò ó ní Sátidé. Funfun báláú ni ògiri rẹ̀, amọ̀ sísun ni wọ́n fi bo òrùlé, fèrèsé rẹ̀ kéré nítorí oòrùn. Bí mo ṣe wọlé, ṣe ni ara mi tutù bí ìgbà tí mo bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ní Ìsẹ́yìn.

Mo béèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Erùpẹ̀ ni! Taipa ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í tẹ amọ̀ kí wọ́n tó mọ ilé bíi tiwa. Erùpẹ̀ tó rin díẹ̀ ni wọ́n ń dà sáàárín pákó méjì, wọ́n á gún un títí yóò fi le. Àwọn Mùsùlùmí tó ni ìlú náà kí àwọn Kristẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1238 ń kọ́ ilé báyìí. Mọ́ṣáláṣí wọn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ihò ara ògiri tí lèmọ́mù ń kọjú sí ṣì wà lẹ́yìn pẹpẹ. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Odò kò bà mí lẹ́rù. Ó kún gan-an ní 1876, àmọ́ òkè ni ilé yìí wà, dáàmù Alqueva sì ti ń dá omi dúró láti 2002.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnì kan ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri tó kọjú sódò. Ọ̀rinrin ń gòkè látinú ilẹ̀, sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde bí ẹfun àtijọ́ ṣe ń jẹ́ kó jáde, erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Mo fi èékánná kàn án, ó ń dà sílẹ̀ bíi gaàrí. Ṣé o rántí ilé bàbá mi àgbà? A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè dà bí ilé ìgbàlódé, igun rẹ̀ sì wó ní òjò ọdún kejì. Mo sunkún ọjọ́ náà, o wà níbẹ̀.

Bi Bàbá fún mi: bí mo bá ha sìmẹ́ńtì yẹn kúrò, ṣé kí n jẹ́ kí ògiri gbẹ ní odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan kí n tó dí i, àbí kí n dí i lójú ẹsẹ̀? Kí ni wọ́n máa ń pò mọ́ amọ̀ kí tuntun lè di ti àtijọ́ mú? Ìparí oṣù yìí ni mo gbọ́dọ̀ dá onílé lóhùn. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́ sí mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́