Ta là ń pè ní oníṣekúṣe?

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Mo ka ohun tí o kọ nípa àríyànjiyàn yín lórí ìṣekúṣe, ẹ̀rín sì pa mí. O ní kí n dá sí i. Ó dáa, n ó sọ ojú abẹ níkòó.

Gbogbo ènìyàn gbà pé oníṣekúṣe ni ẹni tó ń bá ẹni tó bá ṣáà ti rí sùn, tí kì í dúró ti ẹnìkan. Ṣé mélòó ló wá pọ̀ jù? Ibẹ̀ ni wọn ò ti fẹnu kò. Ẹni tó ti bá ẹni mẹ́wàá sùn ń nàka sí ẹni ogún!

Níbi àpèjẹ kan láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan ń fi ìka ka àwọn obìnrin rẹ̀ fún wa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́: "Ọkùnrin ni ẹ́!" Ọmọbìnrin kan kọjá, wọ́n ní ó ti kọ àfẹ́sọ́nà méjì sílẹ̀ rí. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, alágbèrè ni." Ẹnu kan náà o!

Ojúsàájú yìí kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Alfred Kinsey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ìbálòpọ̀ àwọn ọkùnrin jáde ní 1948, ariwo sọ. Nígbà tó kan tàwọn obìnrin ní 1953, ìbínú náà ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1954, àwọn tó ń náwó sí i fawọ́ sẹ́yìn.

Mi ò ní kò léwu o. Bí àwọn tí à ń bá sùn bá ṣe ń pọ̀ tó ni ọ̀nà àtọ̀sí àti HIV ń pọ̀ tó. Chlamydia, àrùn mìíràn tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni, lè wà lára obìnrin pẹ́ láìfi àmì hàn, kó máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́. Àmọ́ obìnrin tí kò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lè kó o lára ọkọ náà, òun náà sì ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí.

Irọ́ ló ń bà mí lẹ́rù ju iye lọ: ẹni tó ń búra fún ọ pé ìwọ nìkan ni, tí kò lo kọ́ńdọ̀mù, tí kò sì ṣàyẹ̀wò rí. Àgbàlagbà méjì tí kò tan ara wọn jẹ, mi ò ní gbè wọ́n, mi ò sì ní sọ wọ́n lókùúta.

Ta ló pariwo jù nínú àríyànjiyàn yín ná? Mo fura pé ọkùnrin ni. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.