Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Fẹ́ Máa Gbé Inú Ọkọ̀ Ṣiṣẹ́ Kiri

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Mẹ́ta nínú yín ló pè mí lóṣù yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí: "Bàbá, owó ilé ti pọ̀ jù. Ṣé kí n ra RV, ọkọ̀ ńlá téèyàn lè máa gbé inú rẹ̀ bí ilé, kí n máa tẹ̀ lé iṣẹ́ kiri bíi tiyín?" Mi ò ní í sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe é. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà témi àti ìyá yín ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Olóko kòkó ni bàbá tó bí mi. Tí ìkórè bá dé, abà la máa ń kó lọ, ibẹ̀ la ó máa sùn títí kòkó á fi gbẹ. Abà tó ní táyà ni mo ka RV sí. Owó kòkó tó bá wọlé lóṣù Kejìlá, bàbá mi mọ̀ pé òun náà ló máa bọ́ wa títí di ìkórè mìíràn. Àwọn tó fi tiwọn ṣe fàájì tán, kí òjò tó dá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ti fi igi kòkó dógò. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an nìyẹn: owó àsìkò kì í ṣe owó oṣù.

Ẹ wo iṣẹ́ bíìtì, irúgbìn abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń kórè rẹ̀ ní àfonífojì Red River, láàárín Minnesota àti North Dakota. Wákàtí 12 lẹ ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń kó o jọ bí òkè, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ọkọ̀ ẹrù á dé, ẹ ó juwọ́ sí i kó bọ́ síwájú. Ẹ ó gba díẹ̀ sínú àpò kí wọ́n lè yẹ ṣúgà inú rẹ̀ wò. Tó bá já ẹrù tán, ẹ ó fi ṣọ́bìrì kó èyí tó dà sílẹ̀. Ariwo, ẹrẹ̀, òtútù. Owó rẹ̀ dára, pàápàá owó ófátáìmù. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá mú, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, torí bíìtì tó gbóná máa ń jẹrà nínú òkìtì. Tí òjò bá pọ̀, ọkọ̀ ò ní lè wọ oko. Lọ́dún kan, ọjọ́ márùn-ún la fi jókòó láìrí kọ́bọ̀. Ẹ má fi iye ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí ṣírò owó yín.

Nígbà ooru, àwọn ọgbà ìpàgọ́, níbi táwọn tó ń gbafẹ́ máa ń pàgọ́ tàbí gbé RV sí, ló ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni ibi tẹ́ ẹ máa gbé ọkọ̀ sí, kẹ́ ẹ ṣáà ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ẹ mú bírò. Tí àyè ọ̀hún bá jẹ́ dọ́là 400 lóṣù, wákàtí 80 lẹ fi san án, dọ́là 5 ni wọ́n sì ń ka wákàtí kọ̀ọ̀kan yín sí. Dọ́là 7.25 ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó iṣẹ́ tó kéré jù láti 2009. Ẹni tó máa san gbogbo wákàtí ni kẹ́ ẹ bá ṣe, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má so ọdún yín mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo pẹ̀lú. Amazon, iléeṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó ń gbé inú RV síṣẹ́ àsìkò Kérésì ní 2008. Ètò náà ti kógbá sílé.

Tí òtútù bá dé, aṣálẹ̀ Quartzsite ní Arizona là ń sá lọ. Dọ́là 180 la san láti gbé ọkọ̀ wa sórí ilẹ̀ ìjọba, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Owó bíìtì là ń jẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà ńkọ́? Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, táyà rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ ṣì jin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Nebraska, ọ̀kan bẹ́, ó fa abẹ́ ọkọ̀ ya, ó já páìpù omi. Owó tá a ti ń tọ́jú bọ̀ lọ sí i. Ẹni tó bá wa tún un ṣe fìka tọ́ka sí nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára kọ́ọ̀dù DOT, ìyẹn kọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì yòókù jẹ́ ọdún. 3108 ló wà lára tèmi, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2008. A kì í wa RV lemọ́lemọ́ bí ọkọ̀ ojoojúmọ́, torí náà ojú táyà rẹ̀ kì í tètè jẹ. Ọjọ́ orí ló máa ń pa táyà rẹ̀. Nígbà míì, ẹ̀gbẹ́ inú ni nọ́ńbà yẹn máa ń wà. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ tan iná sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dún tí èéfín burúkú bá kún inú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kú. Èéfín yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ má tan sítóòfù gáàsì yáná sùn láé. Ẹni tí kò bá sì tíì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, kó ní sùúrù ná.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án làwa ń gbéra lọ sí Minnesota. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kó tó ra tirẹ̀, kó bá wa lọ, ibùsùn kan ṣì ṣófo nínú ọkọ̀ wa. Kó mú bàtà òjò tó ga dé orúnkún dání.

Èmi ni,
Bàbá yín