Lẹ́tà sí Àjàní: Kó O Tó Kọ̀wé sí Ọ̀gá Rẹ

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi tó o ti ní o fẹ́ kọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ sí ọ̀gá rẹ, kó o sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní sọ pé kó o má bínú. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ dun èmi náà gan-an. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ló ń wá sí mi lọ́kàn ṣáá.

Lóṣù keje ọdún 1863, ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gágun Meade, tó ń jà fún ìjọba Lincoln, ti ṣẹ́gun Lee, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀ láti gúúsù, ní Gettysburg lẹ́yìn ìjà ọjọ́ mẹ́ta. Lee ń sá lọ sí gúúsù, ló bá bá odò Potomac tó kún dẹ́nu, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ò rí i sọdá. Lójú Lincoln, bí Meade bá lè ká wọn mọ́ ibẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ogun parí nìyẹn. Meade ò yára. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ ní ọjọ́ 14, Lee ti kọjá.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Lincoln kọ̀wé sí Meade. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ fún iṣẹ́ Gettysburg, kó tó wá sọ ojú abẹ níkòó: àǹfààní ńlá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ogun yìí á máa fà lọ ni, ìbànújẹ́ mi ò sì ṣeé wọ̀n. Ó fi í sínú àpòòwé, ó wá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òun ò fi ránṣẹ́, òun ò sì buwọ́ lù ú. Àárín àwọn ìwé rẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Meade ló sì ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn títí ogun fi parí ní 1865.

Má rò pé oníwà pẹ̀lẹ́ tí nǹkan kì í dùn ni Lincoln o. Ọdún tó ṣáájú ni Willie, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá, kú mọ́ wọn lójú nínú ilé ìjọba. Ní 1841 pàápàá, kó tó di ẹni ńlá, ó kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́yà pé bí wọ́n bá pín ohun tó wà lọ́kàn òun kárí gbogbo ọmọ aráyé, kò ní sí ojú kan tó máa túká. Joshua Speed, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kó abẹ àti ọ̀bẹ kúrò nínú yàrá rẹ̀, kó má bàa pa ara rẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí: nígbà tí Speed ti padà sí Kentucky, tí ẹ̀rù ìgbéyàwó ń bà á ní 1842, Lincoln ló ń kọ̀wé sí i léraléra láti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Nítorí náà, kọ lẹ́tà yẹn, Àjàní. Kọ gbogbo rẹ̀, má fi nǹkan kan pa mọ́. Èmi ni kó o wá fi ránṣẹ́ sí. Tí mo bá ti kà á tán, màá pè ọ́, ká jọ wo ohun tó kù tó o lè ṣe. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé ò ń jẹun dáadáa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàní