Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ìṣirò Náà Kí Ọmọ Tó Yan Yunifásítì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ mi obìnrin gba 271 nínú ìdánwò JAMB, síbẹ̀ kò rí yunifásítì wọ̀ lọ́dún yẹn. Mi ò kọ̀wé yìí láti fi ẹ̀sùn kan ilé-ìwé tí kò gbà á. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun tó yẹ ká ti mọ̀ kó tó yan ilé-ìwé, ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu la tó mọ̀ ọ́n.

Tí ọmọ bá ń gba fọ́ọ̀mù JAMB, ó gbọ́dọ̀ fi yunifásítì kan ṣe àkọ́kọ́. UI, OAU àti UNILAG kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò tiwọn, ìyẹn post-UTME tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Ọfà kan ṣoṣo ló wà lápò ọmọ. Tó bá tàsé, ibi tí ì bá ti rọrùn fún un ti tilẹ̀kùn, èsì JAMB ọ̀hún kò sì wúlò ju ọdún kan lọ. Lóòótọ́, a lè sanwó kí JAMB bá wa pààrọ̀ ilé-ìwé kí ọjọ́ tó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìdí tó fi yẹ kóun pààrọ̀, kí ló fẹ́ pààrọ̀ sí?

Ìṣirò gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn òbí fetí sí. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, 50 nínú 100 ni èsì JAMB ń kó. Ìdajì kejì ni wọn kò ti jọra. UI fi gbogbo rẹ̀ fún ìdánwò tiwọn. OAU fi 40 fún ìdánwò, 10 fún èsì WAEC tàbí NECO. UNILAG fi 30 fún ìdánwò, 20 fún WAEC, wọn kì í sì gba èsì tí a kó jọ láti ìjókòó méjì. Ọmọ tó gba A1 rẹpẹtẹ ní WAEC, àmọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yá nídìí kọ̀ǹpútà, tí ìbéèrè 180 JAMB láàárín wákàtí méjì sì máa ń kó jìnnìjìnnì bá, ibì kan wà tí A1 rẹ̀ yóò ti gbè é. Ibòmíràn wà tí wọn kò ní fi kún máàkì rẹ̀ rárá. Ọmọ tó jẹ́ pé C6 ló pọ̀ nínú èsì rẹ̀, tó sì mọ ìdánwò ṣe kíákíá, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Ọmọ tèmi ní A1 márùn-ún. Èmi ni mo yan ilé-ìwé fún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé. Ọmọkùnrin tó bá wa tẹ fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ kọ́ọ̀sì àti ti ilé-ìwé, ó ní ó parí. Máàkì cut-off ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí wọ́n fi ń gba ọmọ, kò jáde títí wọ́n fi ṣe ìdánwò tán. Máàkì méjì péré ló fi dín.

Ẹnì kan sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìdáhùn ìdánwò lórí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú irọ́ tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Mo bẹ JAMB: láti ọdún 2015 ni ẹ ti sọ ìdánwò yìí di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rí i lójú kọ̀ǹpútà, kó tó tẹ orúkọ ilé-ìwé, bí ilé-ìwé náà ṣe ń ṣírò máàkì àti iye tí ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ fi gba ọmọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin yunifásítì, ẹ fi í ránṣẹ́ sí wọn kí títa fọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi ti tún ń múra. Èmi àti ẹ̀ ti jókòó ti bírò àti ìwé, a ti ṣírò máàkì rẹ̀ lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ládùúgbò wa, tí ọmọ rẹ̀ gba 243, kò mọ̀ pé ìṣirò kankan wà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo