Lẹ́tà sí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin lórí ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọmọ ọmọ mi kan, ẹni ọdún 19, ló mú mi kọ ìwé yìí. Ó kan ilẹ̀kùn mi lóru pé àyà òun ń lù kì-kì-kì, òòyì sì ń kọ́ òun. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé òògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní minoxidil ló ti ń fi pa àgbọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọge.

Mo mọ ìtìjú yẹn. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ìyàwó fún mi, ọ̀kan nínú àwọn àna mi béèrè lójú gbogbo ènìyàn pé ọkọ ìyàwó dà, àbí àbúrò rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rán wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi abẹ fá àgbọ̀n mi lójoojúmọ́, torí wọ́n ní bí a bá ń fá a, yóò máa nípọn sí i. Kò nípọn. Abẹ kò dé ìdí irun. Orí irun ló ń gé, orí tó gé yẹn ló sì ń gún ọwọ́ tí a fi ń rò pé ó ti le. Eéwo wẹ́wẹ́ ni mo rí gbà, nítorí irun wa tó máa ń ká lè yí padà gún awọ lẹ́yìn fífá.

Lóòótọ́, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ọmọdékùnrin di géńdé ló ń mú irùngbọ̀n hù, ṣùgbọ́n bí awọ àgbọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹ́ ìpè rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òbí la sì ti ń jogún ìyẹn. Ọkùnrin méjì lè ní iye èròjà kan náà lára, kí irùngbọ̀n ọ̀kan bo àyà, kí ti èkejì má ju fọ́nrán díẹ̀ lọ. (Abo ewúrẹ́ náà ń hu irùngbọ̀n, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín.) Ní ti minoxidil, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, nígbà tí irun ń hù káàkiri lára àwọn tó ń lò ó ni wọ́n wá ṣe olómi rẹ̀ fún orí pípá. Ó máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, bí ó bá sì wọ ara jù, àyà á máa sáré.

Ẹni tó dá irùngbọ̀n sí nítorí ẹ̀sìn, n kò bá a wí. Èyí tí mo ń bá wí ni ẹni tó ní òun ni ọkùnrin jùlọ nítorí rẹ̀. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kéde fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá ní ọdún 2001, bí wọ́n bá pa iná lóru Ẹ̀fẹ̀ tí Ìyánlá, ère ìbòjú Ìyá Ńlá, jáde nínú aṣọ funfun, irùngbọ̀n gígùn ni wọ́n gbẹ́ sí i lágbọ̀n. Ọjọ́ orí àti agbára ìyá ni irùngbọ̀n náà ń sọ. Ọkùnrin ló sì ń gbé e, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Kétu pè é ní ojo.

Ẹni tó bá ní ìgò òògùn náà nílé, kó gbé e wá bá mi lábẹ́ igi iwájú ilé mi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí a jọ ka ohun tí wọ́n fi Faransé kọ sí i lára.

Èmi ni bàbá yín.