Kí wọ́n kọ ṣáàjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bónọ́ọ̀sì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àwọn áàpù tí ń fún èèyàn lówó nítorí pé ó ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́ lórí fóònù. Ìròyìn náà kún dáadáa, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló dá lé. Gbogbo iye tí wọ́n máa fún wa ló wà níbẹ̀; mo wá iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wa títí, n kò rí i. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí nílùú Ìbàdàn níbí. Aláṣọ, aláta, télọ̀ àtàwọn tó ń ta èlùbọ́ ló pọ̀ nínú wa, ọwọ́ mi sì ni owó wọn ń gbà kọjá, nítorí náà ọ̀rọ̀ tiránsífà kì í ṣe ìtàn létí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ lẹ́nu ọjà. Àwọn ọmọ tó wọ T-ṣẹ́ẹ̀tì á dúró sábẹ́ agboòrùn ńlá, wọ́n á máa pè: “Màmá, ẹ wá gba ẹ̀bùn yín!” Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ ìyá, wọ́n á ní kó ka BVN àti NIN rẹ̀ jáde níbi tí gbogbo èrò ti ń gbọ́, wọ́n á ní kó wo fóònù, kó ṣẹ́jú, kó yí orí sọ́tùn-ún. Álààtì á dún: ₦1,000! Ìyá á yọ̀. Ó wá di alẹ́ kó tó fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, áàpù ní kò ṣeé fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ télọ̀ gbé tiẹ̀ wá bá mi. Nígbà tí a tẹ ibi tí wọ́n kọ àlàyé sí wínníwínní, a rí i pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ₦5,000 sínú àkáǹtì, àti pé orí káàdì ìpè nìkan ni bónọ́ọ̀sì náà wúlò fún, ₦20 ni wọ́n á sì máa gé kúrò níbẹ̀ nígbàkígbà tó bá rà á. Kó tó lo ₦1,000 tán, á ra káàdì nígbà àádọ́ta. Ṣé owó nìyẹn?

N kò ní kí wọ́n má ṣe fún wa ní nǹkan o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n ṣe bí alájọ. Alájọ ojúmọ́ tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá láàárọ̀ kì í fi owó iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń dá ₦500 lójúmọ́ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ₦500 kan nínú oṣù, ti alájọ ni. Oṣù tó bá ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ₦15,500 lo dá, ₦15,000 lo máa gbà, kò sí àríyànjiyàn. (Alájọ tó bá kó owó sá lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, a sì ti rí irú ẹ̀ rí.) Áàpù ní tiẹ̀, ohun tó máa fún ọ ló ń pariwo lórí rédíò. Èyí tó máa gbà, ìgbà tó bá ti gbà á tán lo máa tó mọ̀.

Ṣáàjì náà kì í sì í ṣe àwámárìídìí. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2020, ti fi gbèdéke lé e: tiránsífà tí kò bá tó ₦5,000, báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju ₦10 lọ, tó bá ti lé ní ₦5,000 títí dé ₦50,000, ₦25, tó bá kọjá ìyẹn, ₦50. Ìjọba á wá gba VAT 7.5% lórí ṣáàjì yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75 nínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín. Lẹ́yìn èyí ni ₦50 ti ìjọba tún wà lórí tiránsífà tó bá ti tó ₦10,000. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí owó wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ₦50 yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn áàpù kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ títí di December 2024. Láti ọjọ́ kìíní January 2026, lábẹ́ òfin owó orí tuntun, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Ẹni tó bá fi ₦10,000 ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì lónìí, ₦10,076.88 ló máa kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀.

Kí làwọn èèyàn wa wá ń ṣe? Wọ́n ń gé owó sí wẹ́wẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan jẹ ẹgbẹ́ ní ₦20,000, ó fi ₦7,000 ránṣẹ́, ó tún fi ₦7,000 ránṣẹ́, ó wá fi ₦6,000 parí rẹ̀, ó ní òun kò ní fún ìjọba ní ₦50 òun. Báńkì gba ₦26.88 lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́ta, àròpọ̀ rẹ̀ ₦80.64. Ká ní ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni, tòun ti ₦50 ìjọba, ₦76.88 ni ì bá ná an. Ó fi ₦3.76 ṣòfò, ó sì fún èmi níṣẹ́ kíkọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé. Àmọ́ bó bá jẹ́ orí áàpù tí tiránsífà ti jẹ́ ọ̀fẹ́ ló ti gé e, á jèrè ₦50 náà lódindi.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín dúró sí díẹ̀. Ohun rere tí àwọn áàpù yìí ṣe fún wa kì í ṣe bónọ́ọ̀sì, tiránsífà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo oníṣòwò tó ń fi ₦6,000 ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láàárín ọdún kan, ₦2,795.52 ni báńkì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bónọ́ọ̀sì wo ló tó ìyẹn? Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí màmá bi ọmọ abẹ́ agboòrùn ni pé: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo lè fi owó ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù, tó bá sì tán, èló lẹ ó máa gbà? Mo ti rí ọmọ tó dáhùn pé “Màmá, ẹ máa rí i nínú áàpù.” Kí màmá gba fóònù rẹ̀ kó máa lọ.

Àwọn tí kò ní fóònù ńlá, tó jẹ́ pé nọ́ńbà báńkì (USSD) ni wọ́n ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́, ₦6.98 ni tiwọn nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, inú káàdì ìpè wọn sì ni wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí. Kò sí bónọ́ọ̀sì fún àwọn yẹn, wọn kò sì polówó fún wọn.

Ọ̀rọ̀ èlé náà ń kọ́? Láti August 2022 ni CBN ti ní kí èlé àkáǹtì ìfowópamọ́ má ṣe dín sí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún MPR, ìyẹn èlé tí CBN fúnra rẹ̀ ń kéde. Nígbà tí MPR wà ní 27.5%, ó di 8.25% nìyẹn, ₦8,250 lórí ₦100,000 lọ́dún. Àwọn áàpù ń ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ orí owó tí o bá tì pa ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ bá ṣàìsàn, tí o bá ṣí i kí ọjọ́ tó pé, èlé lọ nìyẹn, àwọn mìíràn á tún gé lára ojú owó. Ẹ bi wọ́n léèrè èyí pẹ̀lú.

Kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń dáàbò bo owó náà. Ní May 2024, àjọ NDIC gbé iye tó máa san fún oníbàárà kan tí báńkì bá kógbá sílé sí ₦5 mílíọ̀nù fún báńkì ńlá, ₦2 mílíọ̀nù fún báńkì microfinance. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, June 3, 2024. Áàpù tí kò bá lè sọ irú ìwé àṣẹ tó ní àti ibi tí owó wa wà, kò sí bónọ́ọ̀sì tó lè mú mi fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Ará Ìbàdàn ni wá, a kò tíì gbàgbé CBEX, àwọn tó ṣèlérí èrè ńlá tí owó èèyàn sì há sọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ojú rí ní ọ́fíìsì wọn ní Òkè Àdó ní April 2025. Mo mọ̀ pé áàpù tó ní ìwé àṣẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn yẹn rárá. Ṣùgbọ́n “pe ọ̀rẹ́ rẹ wá, kí o gba owó” ni àwọn yẹn náà fi kó èèyàn jọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí CBN àti àjọ FCCPC tó ń jà fún oníbàárà pàṣẹ pé ìpolówó tó bá ti dárúkọ bónọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ ṣáàjì tiránsífà àti ohun tí bónọ́ọ̀sì náà ṣeé ná sí, ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà, lórí rédíò kó jẹ́ ohùn kan náà, kí wọ́n má sáré kà á ní ìparí. Ẹ̀yin náà, olóòtú, ẹ ń gba ìpolówó wọn. Ẹ lè bi wọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ sì lè ya igun kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, bí àwọn kan ṣe ń tẹ iye owó oúnjẹ ọjà, kí ẹ to báńkì àti áàpù síbẹ̀: iye tiránsífà ọ̀fẹ́, ṣáàjì tó tẹ̀lé e, èlé, ìwé àṣẹ. Mo ti ṣe irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, orí káádíbọ́ọ̀dù tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ibi ìpàdé ni mo kọ ọ́ sí. Bí oníròyìn yín bá fẹ́ rí i, ọjọ́ Sátidé la máa ń ṣe ìpàdé, kó wá lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.